Ẹsẹ̀ Àga Àtijọ́

Bàbá di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ní ilé ń yí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó kàn ní kóun yà kí i kóun tó gba ibi iṣẹ́ lọ, ju báàgì sílẹ̀, ó sì rọra mú un jókòó.

Àǹtí Àtòkọ ni wọ́n ń pe ọmọ yìí ní ọ́fíìsì ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́. Odindi oṣù mẹ́jọ ló fi kọ ètò tí wọ́n máa lò nígbà tí òògùn bá wọ́n: èyí tí apòògùn lè fi rọ́pò èyí tí kò sí, láìjẹ́ pé aláìsàn tún padà lọ tò sẹ́nu ọ̀nà dókítà. Wọ́n ti ń dán an wò ládùúgbò bàbá rẹ̀ láti oṣù kan, kò sì sẹ́ni tó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Aago méjì ọ̀sán òní ni ọ̀gá máa fọwọ́ sí i fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àǹtí Àtòkọ wo orí tábìlì. Ike méjì ló wà níbẹ̀: òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru aláwọ̀ yẹ́lò tí bàbá ti ń lò láti ọdún mẹ́wàá, àti funfun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tó wọ́n.

"Bàbá, èwo lẹ̀ ń lò nínú méjèèjì?"

"Èwo báwo? Méjèèjì ni. Mo ti rọra tọ́jú yẹ́lò díẹ̀ pamọ́ nígbà tí mo gbọ́ pé kò ní sí mọ́. Ìjọba tún wá fún mi ní funfun. Ṣé kí n kọ oore ni?"

Ọmọ rẹ̀ ka ara ike méjèèjì. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Ó kó ike méjèèjì sínú báàgì, ó fa bàbá lọ́wọ́, ó di ilé ìtajà òògùn.

Apòògùn, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá. Ó ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pe dókítà lórí fóònù. Dókítà ní kí bàbá má lo ìkankan lónìí, kí ojú má kúrò lára rẹ̀, kó padà wá wọn ọ́n lọ́la kó tó máa lo funfun nìkan.

"Ohun tí ètò wí ni mo ṣe," apòògùn ní. "Kò sọ pé kí n béèrè èyí tó kù nílé."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dun Àǹtí Àtòkọ wọ eegun. Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.

Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin méjèèjì ò ṣe káfíńtà rí ni. Tí mo bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ àga fún èèyàn, èmi ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ àtijọ́ lọ. Tí mo bá fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á tún kàn án mọ́ ọn, àga á wá di ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, omi sì lé lójú rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ náà ló ti yọ bírò, tó sì kọ ìlà tuntun kan kún ètò náà.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé láti jókòó ti bàbá, ó sáré lọ sí ọ́fíìsì. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Lónìí kẹ̀, Àǹtí Àtòkọ?" ọ̀gá ní. "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sí i báyìí, ká tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ọ̀gá, bàbá mi ni mo gbá mú láàárọ̀ yìí kó tó ṣubú."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kà á sí mi létí."

"Kí apòògùn gba èyí tó kù nílé padà, kó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ike tuntun pé: Dípò ti àtijọ́ nìyí. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀."

Aago mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó tún un tẹ̀, àmọ́ ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, bàbá fúnra rẹ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn, kò sì di férémù mú. Ọmọ rẹ̀ fi ìwé náà hàn án. Ó ka ìlà tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ yàrá lọ, ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó sì kó ike yẹ́lò mẹ́ta jáde, tó kún dẹ́nu.

"Kó àwọn ẹsẹ̀ yòókù lọ," ó ní.

Ọmọ rẹ̀ gbà wọ́n. Oṣù mẹ́jọ ló fi ka òògùn gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì ṣí dúrọ́ọ̀ bàbá rẹ̀ wò rí.