Bèbè Tó Wà Láàárín Oko Méjì

Bàbá ọkọ Kyarisiima ló ni gbogbo apá òkè yẹn ní agbègbè Kabale nígbà kan rí. Ó bí ọmọkùnrin mẹ́rin, wọ́n pín in. Àwọn náà bímọ, wọ́n tún un pín, títí oko ẹlòmíì kò fi ju ẹní tí èèyàn lè sùn lé lọ. Akampurira, àbíkẹ́yìn Kyarisiima, ni ìyá ń tọ́jú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ dè. Ta ni yóò fọmọ fún ọkùnrin tí kò lóko?

Turyahikayo, ọmọ àbúrò ọkọ Kyarisiima, ló ń dáko lókè oko ìyá náà. Bèbè kan tí àwọn àgbà gbin koríko dì ló wà láàárín wọn. Ilẹ̀ tí òjò bá fọ̀ wá láti òkè, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ó dúdú, ó lọ́ràá, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí wọ́n wá da ọ̀dà sí títì, tí ọkọ̀ akẹ́rù Kampala ń wá kó pòtétò lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kyarisiima bá Turyahikayo níbi tó ti ń fọkọ́ gé bèbè kún oko rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Màmá, ọmọ méje ló wà nílé. Ṣé orí òrùlé ni kí n gbin pòtétò sí ni?"

"Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́ o. Ẹni eji rí leji ń pa."

"Ẹ jẹ́ n jẹun ná, Màmá, kí òjò tó dé."

Ìyá bínú lọ. Ṣùgbọ́n pòtétò ọ̀hún jáde, ó tóbi, ó ń dán, ojú kì í sì í rí arẹwà kó má kì í. Bí bèbè yóò bá kúkú lọ, kí ló dé tí tirẹ̀ yóò fi ṣòfò? Kyarisiima náà mú ọkọ́, ó ń gé e láti ìsàlẹ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀ o!" Turyahikayo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ta pòtétò, ó fi ra páànù sílé tí Akampurira ń kọ́ de ìyàwó.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀ mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òkúta ló kù nínú oko méjèèjì. Turyahikayo jókòó sórí ọ̀kan. Ta ni yóò bá ta ni wí? Ó dun Kyarisiima wọnú egungun.

Akampurira gbé ọkọ́ dé, ó wò yíká.

"Ìyá mi, oko tèmi dà?"

Ìyá na ọwọ́ sí àfonífojì. Níbẹ̀, Ndyanabo tó ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ń fi ọkọ́ tẹ́ ilẹ̀ dúdú tuntun káàkiri oko kábéèjì rẹ̀.

"Oko rẹ nìyẹn," ni ìyá wí.

Ndyanabo rí wọn, ó juwọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ará òkè! Ẹ ṣeun gan-an ni!"