Ilẹ̀kùn Tó Ń Ké

Nurat tó ń tún mọ́tò ṣe n'Íjerò wá tún ọkọ̀ tí baálé mi kú fi sílẹ̀ ṣe, kí ọmọ wa lè máa fi kó kòkó. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa oògùn tó ń jẹ ìpáta sára irin. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn awakọ̀, mo dì í lọ́wọ́ mú.

"Fi èyí sílẹ̀, ọmọ mi."

"Ìyá àgbà, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni? Bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà!"

"Igbe yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé baálé mi ti toko Ìdó-Ilé dé."

Nurat dé ìgò oògùn náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tún tì í. Mo ti dìde láti lọ bu omi mímu kí n tó rántí pé Nurat ni.