Àárín Ìtọ̀ Ni Ọ̀gá Àyẹ̀wò Ń Fẹ́

Ẹ̀yin aboyún ẹlẹgbẹ́ mi, kí wọ́n tó pè wá wọlé, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Nọ́ọ̀sì ti ní kí èmi náà mú ìtọ̀ wá síbí lónìí. Mo ti pinnu pé n kò ní mú un wá, torí pé oyún mi pé oṣù márùn-ún, kò sì síbi tó ń dùn mí.

Nínú àlá, mo mú un wá. Iyàrá àyẹ̀wò léfòó sókè bí ìkúùkuù, wọ́n fi okùn tí a fi ń sá aṣọ so ó mọ́ igi máńgòrò. Mo gun àkàbà. Ọ̀gá àyẹ̀wò, Ọ̀gbẹ́ni Láṣehìndé, gba ìgò ìtọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sétí.

Ìgò ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àkọ́kọ́ ìtọ̀ ló tọ̀ sínú mi o."

"Àkọ́kọ́ kẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Nílé wa, àkọ́so la fi ń yẹ́ àgbà sí. Mi ò jẹ́ fún yín ní àjẹkù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìwo fi hù lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ, ṣùgbọ́n aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀.

"Ìyàwó, àkọ́kọ́ ló ń kó ìdọ̀tí ẹnu ọ̀nà bọ̀. Fọ ojú ara rẹ, jẹ́ kó dà díẹ̀ kí o tó gbé ìgò sí i. Àárín ni mo fẹ́."

Mo gbé àárín wá. Ó kán díẹ̀ sórí àwo oúnjẹ kan tó dì bí ẹ̀kọ, ó dé e. "Kòkòrò tó bá wà ńbẹ̀ á jẹun, á bímọ, a ó sì rí i lọ́la." Ọ̀la dé lójú ẹsẹ̀, ó wọ bàtà. Òbúkọ ṣí àwo. Kòkòrò ti kún un, wọ́n ń ta ayò.

Mo ní, "Ìtọ̀ ò ta mí, ara mi ò gbóná. Kí lẹ wá ṣe nínú mi?"

"À ń sinmi ni, màmá."

Bàbá ọkọ mi, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún, yọjú láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. "Èmi náà ní wọn. Ẹ fún mi lóògùn."

"Mbẹ̀ẹ̀! Rárá, bàbá. Kò dùn yín. Bí a bá ń da oògùn lé wọn lásán, wọn á kọ́ bí a ṣe ń borí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá jà, kí la ó fi lé wọn?"

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

"Tìẹ yàtọ̀. Oyún ti tẹ ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ kò tètè lọ mọ́. Wọ́n lè gòkè dé kíndìnrín, kí ọmọ sì jáde láìpé oṣù."

Kòkòrò kan ti ń gbé àkàbà mi lọ.

"Ẹ fún mi lóògùn, sà!"

"Èyí tí aboyún lè lò nìyí. Lò ó tán. Má fi mẹ́ta pamọ́ fún àbúrò rẹ bí ẹ ti máa ń ṣe. Bó bá tán, padà wá ká tún un yẹ̀ wò."

Mo nawọ́ gbà á, mo jí.

Ọkọ mi dúró nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé. Omi pupa ń tú jáde, garawa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo pè é láti ojú fèrèsé. "Kí lẹ ń dúró dè, olówó orí mi?"

"Páìpù ló dógùn-ún. Jẹ́ kí àkọ́kọ́ lọ ná."

Mo mú ìgò tí nọ́ọ̀sì fún mi, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ.