Ẹgbẹ̀tàlá Dín Lọ́gọ́rin

Dókítà ti kìlọ̀ fún Sùrájù onípákó pé kó jìnnà sí ohun dídín. Nílé rẹ̀ ní Atikori, ìyàwó rẹ̀ kì í tiẹ̀ jẹ́ kó gbóòórùn àkàrà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún ọkùnrin yìí lọ́dún, ọjọ́ sàráà ìyá rẹ̀ olóògbé. Àwọn ẹgbẹ́ àsálátù á wá ṣàdúà, wọ́n á pín mọ́sà tí wọ́n dín bí àkàrà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́gbọọgba, ẹni tó bá sì pín in ló ni ìyókù. Ta ló ń pín in? Sùrájù náà ni. Sàráà sì ni, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti ní kó má jẹ ẹ́?

Lọ́dún yìí, Abibat ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì ní Ago-Iwoye, ló ṣáájú àwọn tó dín mọ́sà. Ó kà á fúnra rẹ̀: ẹgbẹ̀tàlá dín lọ́gọ́rin, 2,520. Itọ́ ti ń yọ lẹ́nu Sùrájù.

Ẹgbẹ́ méje dé. Sùrájù tẹ fóònù rẹ̀ láti pín in. Kò ṣẹ́ku ẹyọ kan!

"Ẹ ṣe sùúrù o, ẹgbẹ́ ìlú Òrù ń bọ̀ lọ́nà." Irọ́ gbuu! Kò gbúròó ẹgbẹ́ Òrù látàárọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dúró, ẹgbẹ́ kẹjọ wọlé. Kò ṣẹ́ku. Ẹ̀kẹsàn-án dé, kò ṣẹ́ku. Ẹ̀kẹwàá dé, òfo ni. Sùrájù gbọn fóònù náà bí ẹni pé ìyókù há sínú rẹ̀.

"Dádì, ẹ má da ara yín láàmù," ni Abibat wí. "Láti orí oókan dé ẹ̀wá, kò sí èyí tí kò pín in délẹ̀. Kò sì sí nọ́ńbà tó kéré jù ú lọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yan iye yẹn."

"Ìwọ ọmọ yìí! Owó ilé ìwé tí mò ń san nìyí?"

Inú bí i dọ́ba. Ó sáré dé oríta, ó kó àwọn ọlọ́kadà wọlé. "Ẹgbẹ́ kọkànlá rèé! Ẹ ṣàdúà!" Wọ́n ṣàdúà. Ó tẹ fóònù: igba lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ṣẹ́ku ẹyọ kan.

Ẹyọ kan péré! Síbẹ̀, Sùrájù hó yèè. Ó mú un, ó pa ojú dé, ó la ẹnu.

"A sàlámù àlékùn!"

Ẹgbẹ́ Òrù ni, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá.

Abibat kò nílò fóònù. "Ẹgbẹ́ méjìlá, igba lé mẹ́wàá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò ṣẹ́ku." Ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

Sùrájù wo mọ́sà, ó wo àwọn ìyá Òrù tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó dá a padà. Ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń lá epo tó kù ní ìka rẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ pín ìyẹn náà jáde wá.