Fọ́tò Àyìnkẹ́ Lórí Ẹní

"Ta ló kú nínú ilé yìí?"

Abọ́dúnrìn kò tíì gbójú sókè tí ìyá rẹ̀ fi já fọ́tò kan gbà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti to àwọn yòókù tẹ̀lé ara wọn láti ìgbèrí títí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, ó ń wo èyí tí yóò ṣíwájú àti èyí tí yóò kẹ́yìn. Èyí tí ìyá rẹ̀ mú gan-an ló fi sí àárín, nítorí òun ló fẹ́ràn jù.

"Màámi, kò sẹ́ni tó kú. Fíìmù tí mo sọ fún yín ni."

"Fíìmù wo? Ṣé Àyìnkẹ́ àbúrò rẹ kọ́ nìyí? Ó wọ sùtánà, ó nà gbalaja lórí ẹní, ó dijú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni wọ́n ń yà báyìí, Abọ́dúnrìn? Ìwọ tí o ń ya fọ́tò jẹun, dá mi lóhùn. Ta ni wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀ yà?"

Abọ́dúnrìn mọ èsì ìbéèrè náà. Òkú ni. Òun fúnra rẹ̀ ti ya òkú tó pọ̀ ní Ìbà àti ní Ọ̀jọ́ láti ìgbà tó ti ṣe fíríìdọ̀mù kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Wọn a wẹ òkú, wọn a wọ aṣọ funfun fún un, wọn a tẹ́ ẹ, wọn a sì ránṣẹ́ pe ayàwòrán kí oòrùn tó mú. Alààyè a máa jókòó ya fọ́tò ni, tàbí kó dúró, kó sì la ojú rẹ̀ gedegbe. Gbogbo ayàwòrán tó wà lójú ọ̀nà Badagry ló mọ èyí, ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ya Àyìnkẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé ló gbà á lọ́kàn. Aṣọ funfun náà gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, orí Abọ́dúnrìn wú, ó sì tẹ kámẹ́rà. Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ìyá rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ba òun náà.

Fíìmù kékeré kan ló fẹ́ ṣe, irú èyí tí wọ́n lè fi hàn kí fíìmù Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀. Alàájì Ràímì, tó fi sìmẹ́ǹtì di olówó, ti kọ́ ilé sinimá sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Okokomaiko, ó sì ti ra kámẹ́rà fíìmù láti Jámánì. Ó ní ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá wu òun lòun yóò gbé kámẹ́rà náà fún. Nítorí pé Alàájì kì í kàwé, ó ní kí oníkálukú fi fọ́tò to ìtàn tirẹ̀ wá, kó sì fẹnu ṣàlàyé. Ọ̀sán ọjọ́ yìí ló kan Abọ́dúnrìn. Sàká, ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń du kámẹ́rà náà, ti lọ láàárọ̀ pẹ̀lú ìtàn ọkùnrin kan tó ra fíríìjì sí ilé tí kò ní iná, tó wá ń kó agbádá sínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ti Abọ́dúnrìn kò pani lẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ ló fi ṣe é. Àyìnkẹ́ fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ́dún tó kọjá, ó sì ń múra láti tún un ṣe. Láti ìgbà náà, bó bá ti jókòó ti ìwé, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, oúnjẹ kì í sì í gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Owó Udójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ti jáde, àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì ti wọ ọ́fíìsì, wọ́n ń wọ bàtà gíga-gíga ìgbà náà kọjá níwájú ilé wọn. Gbogbo ayé ló sì ń sọ ọ́ pé nígbà tí owó wà nílẹ̀ báyìí, ẹni tí kò bá rí ṣe, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀. Ohun tí Abọ́dúnrìn fẹ́ kí àwọn òbí rí lára ògiri sinimá ni pé ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ. Ó dùn ún pé kò sẹ́ni tó rí i.

Àyìnkẹ́ ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kán omi.

"Màámi, ẹ má bá Bọ̀ọ̀dá wí. Mo gbà kí wọ́n yà mí."

"O gbà? Èèyàn a máa gbà kí wọ́n tẹ́ òun?" Ìyá wọn ki fọ́tò náà bọ àárín Bíbélì. "Lọ wọ sùtánà rẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ yìí. Wòlíì ni yóò sọ bóyá ká sun ún ni, tàbí ká gbààwẹ̀ sí i."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, òun gan-an ni mo fẹ́ fi han Alàájì."

"Lọ tẹ́ ara tìẹ sílẹ̀ kí wọ́n yà ọ́."

Ìyá àti ọmọ wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n fẹsẹ̀ lásán bọ́ sí títì bí ìjọ wọn ti ń ṣe. Abọ́dúnrìn kó àwọn fọ́tò tó kù jọ, ó sì lọ.

Alàájì Ràímì jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn sinimá, fáànù ń fẹ́ sí i láyà. Ó mú àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sún wọn mọ́jú, ó tún sún wọn sẹ́yìn. Àyìnkẹ́ níwájú ìwé. Àyìnkẹ́ níwájú àwo oúnjẹ. Àyìnkẹ́ lẹ́bàá títì, ó ń wo àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

"Ayàwòrán, iṣẹ́ rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe ọmọ yìí? Ṣé ebi ni?"

"Rárá, Alàájì. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀."

"Àìsàn ńkọ́?"

"Kì í ṣe àìsàn, sà. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á."

"Ẹ̀rù kí ni? Ta ló ń lé e? N ò rí ẹni tó ń lé e nínú fọ́tò."

"Kò sẹ́ni tó ń lé e, sà. Ó ń bẹ̀rù pé gbogbo èèyàn á lọ, á wá ku òun nìkan."

Alàájì gbé fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Níbo ni gbogbo èèyàn ń lọ?"

Abọ́dúnrìn tún yẹ àwọn fọ́tò náà wò. Fọ́tò tí ì bá bá a dáhùn wà nínú Bíbélì ìyá rẹ̀.

"Wò ó, ọmọ dáadáa ni ẹ́, n ò fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ ṣòfò," ni Alàájì wí. "Àwọn tó ń wá síbí ti fi gbogbo ọ̀sán ru búlọ́ọ̀kù. Ohun tó máa yé wọn ni wọ́n fẹ́. Fún un lóyún."

"Oyún, sà?"

"Oyún! Ọmọ iléèwé, kò lè jẹun, kò lè kàwé, ó ń wo títì bóyá ọmọkùnrin yẹn ń bọ̀. Ṣé o ò rí i pé gbogbo fọ́tò rẹ ti bá a mu? Bàbá rẹ̀ á nà án, ọmọ á ké, á ronú pìwà dà, ó parí. Bí o bá gbà, kámẹ́rà di tìẹ. Wá fún mi lésì kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, torí Sàká náà ń retí mi."

Ká má parọ́, ó kù díẹ̀ kí Abọ́dúnrìn gbà. Kámẹ́rà náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú àpò awọ rẹ̀ tó ń dán. Ṣùgbọ́n Àyìnkẹ́ ni yóò ṣe eré náà, kò sì sí ẹni tí kò ní mọ ojú rẹ̀ ní Okokomaiko.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bi í, Alàájì."

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àyìnkẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ ìyá wọn, wọn kò sun ún.

"A ò dé ṣọ́ọ̀ṣì," ni ìyá wọn wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "A dé ibi tí wọ́n ń kó òkúta títì tuntun sí, mo bi í pé kí ló dé tó dijú. Sọ fún un, Àyìnkẹ́. Sọ ohun tí o sọ fún mi."

Àyìnkẹ́ ń wo ilẹ̀. "Mo sùn ni, Bọ̀ọ̀dá."

"O sùn kẹ̀?"

"Ẹ ní kí n dùbúlẹ̀, kí n má ṣe nǹkan kan. Ẹ ní kí n má tiẹ̀ ronú. Kò sẹ́ni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí èsì ti jáde. Bí mo ṣe sùn lọ nìyẹn. N kì í rí oorun sùn lóru. Bí Màámi bá ti wọlé, mo máa ń dijú kí wọ́n lè rò pé mo ti sùn."

Abọ́dúnrìn rántí pé òun pè é pè é lọ́jọ́ náà kó tó dìde. Ó tiẹ̀ yìn ín pé ó mọ eré ṣe.

"Èyí tó ń fi tàn mí jẹ, mo pè é ní oorun," ni ìyá wọn wí. "Èyí tó sùn ní tòótọ́, mo pè é ní òkú." Ó fi gèlè nu ojú, kò sì fi bò pé òun ń sunkún.

Àyìnkẹ́ yíjú sí Abọ́dúnrìn. "Kí ni Alàájì wí?"

Abọ́dúnrìn fẹ́ parọ́, kò lè pa á. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá wọn fò dìde.

"Oyún? Ọmọ tèmi?"

Ṣùgbọ́n Àyìnkẹ́ kò bínú. "Ẹ fi sí i, Bọ̀ọ̀dá. Kò burú. Kí ẹnìkan ṣáà rí nǹkan ṣe nínú ilé yìí." Ó nawọ́ fa ìwé rẹ̀ mọ́ra.

"N ò fi sí i."

"Sàká á gba kámẹ́rà lọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ nítorí mi. N ò fẹ́ kó tún jẹ́ nítorí mi."

"Kì í ṣe nítorí rẹ," ni Abọ́dúnrìn wí. "Nítorí fíìmù mi ni. Èyí tí Alàájì ń sọ, ìtàn mi kọ́."

Àyìnkẹ́ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń tan òun. Ìyá wọn ti lọ fa ẹní yọ, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ fèrèsé, ibi tó wà lọ́jọ́ náà gan-an.

"Bọ́ sùtánà yẹn. Gba ìró mi yìí, òun ló ní òdòdó lára. Ó yá, dùbúlẹ̀, ìwé kò lọ síbì kan. Kò sẹ́ni tó ní kí o ṣe nǹkan kan."

Àyìnkẹ́ dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì là. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé bíi ti ọjọ́sí, ó sì bà sórí ìró olódòdó náà. Ọwọ́ Abọ́dúnrìn lọ síbi kámẹ́rà tó gbé kọ́rùn. Ó bọ́ ọ, ó gbé e sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fa bẹ́ǹṣì dí ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa kànkùn wọlé, ó sì jókòó lé e.

Láti ọ̀nà sinimá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ gbójú wò ó. Abọ́dúnrìn mi orí pé òun kò lọ mọ́, ó sì fi ìka lé ẹnu pé kó má sọ̀rọ̀.