Ọkùnrin Tó Wá Wọn Gẹ́ètì

“Ta ló ní kẹ́ ẹ máa wọn gẹ́ètì mi?”

Ọkùnrin tó lóṣòó sídìí gẹ́ètì náà gbójú sókè. Téèpù ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti nà án láti òpó kan dé ìkejì. Táì pupa ló wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ń dán, irú bàtà tí àwọn tó ń bá èèyàn ta ilẹ̀ máa ń wọ̀. Adédiwúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Alápẹ̀rẹ̀ dé ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó rí ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là lójijì.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Gafar lorúkọ mi. Ilé iṣẹ́ wa ní Gbàgádà ló ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Ọ̀gá Olújìmí ló pè wá láti Amẹ́ríkà pé ká wá wo ọgbà yìí, ká mọ̀ bóyá síró-tọ́ọ̀nù máa bá a mu.”

“Kí ló máa bá a mu?”

“Síró-tọ́ọ̀nù, mà. Ẹ̀rọ tí èèyàn ń jókòó lé lórí tí á máa wà á bí ọkọ̀ ni. Kò ní sítíárì. Irin méjì lẹ máa dì mú. Tẹ́ ẹ bá ti ọ̀kan síwájú, tẹ́ ẹ fa ìkejì sẹ́yìn, á yí lójú kan bí òkòtó.”

“Bọ̀dá mi ò sọ nǹkan kan fún mi.”

“Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá wo ibẹ̀ ná, káwọn tó bá yín sọ ọ́.”

Gbólóhùn yẹn ni kò wọ Adédiwúrà létí rárá. Ní Ìkòsì, ẹni tó bá gbé téèpù wọlé èèyàn kì í ṣe àlejò tí à ń bu omi fún. Ilé ìdílé Shittu tó wà ní òpópónà kejì, ẹnì kan tó ní òun wá tún wáyà iná ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Kí òjò ọdún náà tó dá, katapílà ti wó ilé ọ̀hún, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì ń wá ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí.

Ìyẹn gan-an lẹ̀rù rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ló padà sílé bàbá rẹ̀ yìí, òun ló tọ́jú bàbá náà títí wọ́n fi dákẹ́. Bàbá ò kọ ìwé ìhágún. Olújìmí tó jẹ́ àkọ́bí ló di Dáwódù, òun ni ilé wà níkàáwọ́ rẹ̀ nítorí gbogbo ọmọ. Olújìmí ò sì tíì wálé láti ọjọ́ tó ti lọ, kódà kò lè wá sìnkú, nítorí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò tíì pé nígbà náà. Bí Dáwódù bá ní òun fẹ́ talé, èèyàn lè gbé e lọ sí kóòtù lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbo ni opó máa sùn títí ẹjọ́ á fi parí?

Suwebat yọ jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ayálégbé ni, Mile 12 ló ti ń ta tòmátò, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀.

“Ó ti wá níjẹta náà, Aunty. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní koríko lòún wá wò. Ṣé koríko ló wá ní gẹ́ètì ni?”

“Ẹ̀rọ náà fẹ̀, mà,” ni Gafar dáhùn. “Tí kò bá gba gẹ́ètì wọlé, kò sí bá a ṣe máa tà á fún yín.”

“Aunty, ẹ má dá a lóhùn o. Tòmátò tó bá ń dán lójú apẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.”

Adédiwúrà ro ọ̀rọ̀ náà. Tó bá lé ọkùnrin yìí, yóò padà wá nígbà tí òun ò bá sí nílé, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe níjẹta. Ó sàn kó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe lójú òun. Ó gbé àpò rẹ̀ fún Suwebat.

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín.”

Wọ́n rìn ín. Gafar ní iwájú ilé tẹ́jú, ó dára. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó ní gbòǹgbò tó yọ síta yìí máa ba abẹ ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀ sí àbàtà, ló wá mi orí sí jù.

“Ibi tó bá da gẹ̀rẹ́ báyìí ò dáa fún un, mà. Tí koríko bá tutù, á máa yọ̀, ó sì lè gbé ẹni tó ń wà á dà sómi. Òótọ́ ni mò ń bá yín sọ, ìlàjì ilẹ̀ yìí ò ṣe é fún síró-tọ́ọ̀nù.”

Ṣé ọlọ́jà á máa lé oníbàárà ni? Adédiwúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, àfi bó ṣe rántí pé ẹni tó fẹ́ ra ọjà ló máa ń bú ọjà. Bóyá ẹni tó rán an níṣẹ́ ló fẹ́ kí wọ́n máa pe ilẹ̀ náà ní àbàtà, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀.

“Níbo gan-an ni ilẹ̀ yín parí sí, mà?”

“Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ fi ààlà ṣe? Ṣé á bá wa gé koríko aládùúgbò ni?”

Gafar fọwọ́ kan táì rẹ̀. “Ọ̀gá ló ní kí n béèrè, mà. Wọ́n ní kí n wò ó dáadáa, bóyá ẹnì kan ti mọ odi tuntun, tàbí wọ́n ti ń kọ́lé síbì kan.”

Ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu Adédiwúrà. “Kí lo wá sọ fún wọn?”

“Mo ní kò sí ilé tuntun. Kọnkéré kan ṣoṣo ni mo ní mo rí láàárín iwájú ilé tó tẹ́jú yẹn, tí ẹ̀rọ á máa yà fún. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ṣáá. Wọ́n ní ṣé ìpìlẹ̀ ilé ni.”

“Sàréè bàbá mi lo pè ní kọnkéré yẹn.”

“Ẹ má bínú, mà. Kò sí orúkọ lára ẹ̀. Mo rò pé ìdérí ṣalángá àtijọ́ ni.”

Adédiwúrà ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Ohun tó ń bẹ̀rù kọ́ ló bá. Olújìmí ò wá oníbàárà fún ilẹ̀. Ó wá ẹni tó máa bá a wò ó bóyá àbúrò rẹ̀ ti tà á, ó sì fi ẹ̀rọ koríko bojú. Òun tó ń fi owó oṣù tíṣà tún òrùlé tó ń jò ṣe! Ó dùn ún dé egungun, ó sì tì í lójú, nítorí pé ohun kan náà lòun alára ti ń rò sí ẹ̀gbọ́n òun láti ẹnu gẹ́ètì.

Fóònù Gafar dún. Ó wò ó, ó wo Adédiwúrà. “Ọ̀gá ni.”

“Gbé e wá.”

“Gafar, ṣé o ti débẹ̀? Ìpìlẹ̀ yẹn—”

“Gafar kọ́, Bọ̀dá mi. Diwúrà ni.”

Olújìmí yára yí ohùn padà. “Diwúrà. Ṣé dáadáa lo wà? Ẹ̀rọ kan ni mo ní kí ọmọkùnrin yẹn—”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ rò pé mo ti ta ilẹ̀ Bàbá.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ẹ rò bẹ́ẹ̀?”

“O rántí Elkanah tá a jọ lọ ilé-ìwé? Òun náà fọkàn tán àbúrò rẹ̀. Nígbà tó délé, àlejò ló ṣílẹ̀kùn fún un nílé bàbá rẹ̀, tó ń bi í pé ta ló ń wá. Gbogbo àwa tá a wà níbí lẹ̀rù ń bà.”

“Ẹ̀rù ń ba àwa tá a wà nílé náà. Látìgbà tí mo ti rí téèpù yìí ni mo ti ń ro ibi tí mo máa kó ẹrù mi lọ. Mo rò pé ẹ fẹ́ talé mọ́ mi lórí.”

“Èmi? Kí n ta ilé Bàbá?”

“Èmi náà ńkọ́?”

Ohùn Olújìmí rọ̀, ṣùgbọ́n ìfura ò tíì kúrò níbẹ̀.

“Kọnkéré yẹn, Diwúrà. Sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní bínú. Ta lo fún láyè níbẹ̀?”

“Bàbá ni.”

“Bàbá ti kú.”

“Mo mọ̀, sà. Èmi ni mo pa ojú wọn dé. Ibẹ̀ la sin wọ́n sí.”

“Wọ́n kàn sọ fún mi pé ilé ni wọ́n sin wọ́n sí. Mo rò pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, bíi ti Bàbá àgbà. Mi ò lè wo fídíò ìsìnkú tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, Diwúrà. Ó ṣì wà nínú àpótí níbí.”

“Bàbá ní ká sin àwọn síta, níbi tí atẹ́gùn wà. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kẹ́nikẹ́ni má kọ orúkọ sí i, pé àkọ́bí ló máa wá gbé òkúta sí i. Ẹ̀yin la ń dúró dè.”

Adédiwúrà gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń mí. Ó mọ̀ pé ó ń sunkún, bó tilẹ̀ ń gbìyànjú kó má hàn.

“Gbé fóònù yìí sórí ẹ̀,” ni Olújìmí wí.

“Ẹ ní kí n gbé e síbo?”

“Sórí sàréè. Ṣí ohùn rẹ̀ sókè, kó o wá kúrò níbẹ̀.”

Ó rìn lọ síwájú ilé, Gafar ń tẹ̀ lé e. Ó tẹ fóònù náà kí ohùn rẹ̀ lè jáde, ó gbọn ewé gbígbẹ kúrò lórí sàréè, ó sì gbé e kalẹ̀. “Bàbá mi,” ni ohùn Olújìmí bẹ̀rẹ̀. Gafar dúró, ó na ọrùn. Suwebat náà ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Adédiwúrà ju ọwọ́ sí i pé kó padà, ó sì di Gafar mú lápá.

“Mà, fóònù mi ni o.”

“Kò ní sọnù. Máa bọ̀.”

“Kí ni kí n wá sọ fún ilé iṣẹ́ nípa ẹ̀rọ náà?”

“Sọ fún wọn pé kò bá ilẹ̀ yìí mu.”

Wọ́n dúró sídìí àgbálùmọ̀. Níbẹ̀, ohùn náà ṣì ń dé etí rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tó bá sún síwájú díẹ̀, yóò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ, bóyá ó ń fi ẹjọ́ òun sun Bàbá, bóyá ó ń tọrọ àforíjì. Ó wù ú kó gbọ́. Ó sún sẹ́yìn, ó sì tún sún sẹ́yìn, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.