Ìyá Lọ, Ìyá Bọ̀

"Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀ yìí, mo ti ya ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àwòrán. Pẹ́ńsùlù méje ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọwọ́-Ìjì ló sọ bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ sì wà lórí tábìlì bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àǹtí Ọlọ́dà, tó ń kun gbogbo ohun tí wọ́n bá yà, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"O kú iná. Ti ìyá ńkọ́?"

"Ìyá ti lọ, ìyá ti bọ̀."

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n ti wà nínú yàrá yẹn. Obìnrin kan ló ya ìgbésí ayé ara rẹ̀ sínú ìwé, àwòrán lójú ewé kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tiwọn sì ni kí àwòrán náà dìde kó máa rìn nínú sinimá. Kí ìyá arúgbó kan tó gbé ẹsẹ̀ kan, èèyàn á yà á ní ìgbà méjìlá, bébà lórí bébà, lórí tábìlì onígíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Ojú gbogbo wọn ti wọnú débi pé bí wọ́n bá sunkún, ìpàkọ́ lomi ń gbà jáde.

Ohun kan ṣoṣo ni oníwèé bẹ̀ wọ́n. Ojú ewé kan wà tí ìyá rẹ̀ ti sìn ín dé géètì lọ́jọ́ tó kúrò nílé, tí ìyá sì dá nìkan padà. Ẹsẹ̀ òsì ni ìyá ń wọ́ nílẹ̀. "Bí ìyá mi ò bá rìn bó ṣe ń rìn," ló wí, "mo gba ìwé mi padà." Oṣù mẹ́rìnlá á sì di eérú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ìrìn náà, àfi Ọwọ́-Ìjì tó fọwọ́ sọ̀yà.

Kò kúkú ya lílọ ìyá ní yẹpẹrẹ. Ọgọ́ta bébà ló fi yà á, tòun tahọ́n níta. Àmọ́ nígbà tó ku bíbọ̀, àárẹ̀ já lé e bí àpò sìmẹ́ńtì. Ló bá da ọgọ́ta bébà náà dojú bolẹ̀ lórí iná. Ìyá ti kọjú sílé. Ọwọ́-Ìjì tẹ̀ lé ojú ìlà, ó tún un yà, ó sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà oníwèé dé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn sì fi ìrìn náà hàn án. Ìyá lọ. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Màmi rèé." Ìyá bọ̀. Ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Ẹ dá a padà kí n tún un wò." Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. "Òsì ló wọ́ jáde, ọ̀tún ló wọ́ wọlé. Ṣé wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ fún un ní géètì ni?"

"Ó rẹ̀ wọ́n ni, mà," Ọwọ́-Ìjì dáhùn. "Bí ẹsẹ̀ kan bá ti rẹ arúgbó, èkejì náà á gbà á ṣe."

Àǹtí Ọlọ́dà ò bá a jiyàn. Ó mú bébà lílọ kan, ó dà á dojú dé bébà bíbọ̀ kan lórí iná. Wọ́n bára mu bí ìkòkò àti ọmọrí ẹ̀, títí kan ibi tí etí aṣọ ti ká.

Oníwèé na ọwọ́, ó gbé ìwé rẹ̀ kúrò níwájú ọ̀gá.

"Lílọ yẹn, ìyá mi ni," ló wí pẹ̀lẹ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo yà á. Jókòó, kí o yà á bọ̀ lójú mi. Tí mo bá rí i tó wọlé, ẹ ó gba ìwé padà."

Ọ̀gá ka ọgọ́ta bébà òfìfo síwájú Ọwọ́-Ìjì. Ó wò wọ́n. Wọ́n ga ju òkè lọ.

"Ẹ jẹ́ n fọ ojú," ló wí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Lórí àtẹ̀gùn ló ti gbọ́ tí ẹnìkan wọ́ àga sídìí tábìlì rẹ̀, tí Àǹtí Ọlọ́dà sì ń sọ fún oníwèé pé, "Ẹ jókòó tì mí, mà. Ẹ ṣí ojú ewé yẹn."

"Ojú wo lo ń fọ nísàlẹ̀ ilé?" ọ̀gá pè é láti òkè.

Ọwọ́-Ìjì fo àtẹ̀gùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó tún fo mẹ́rin, ó di ojú títì.